Ibi Tí Ìdí Ọkọ̀ Àrágbáyamúyamù Parí Sí

Agboolé wa náà,
Ìsàlẹ̀ Òsì,
Ìbàdàn.

Sàídì ọ̀rẹ́ mi,

Kí o tó ka lẹ́tà yìí, dìde dúró, nítorí èmi Abdulmumin tí mò ń kọ ọ́ ni mo fi ẹnu lásán lé katapílà ìjọba mẹ́ta padà ní Ìsàlẹ̀ Òsì, èmi náà ni mo sì fi ọ̀dà pupa kọ àmì márùndínlọ́gbọ̀n sára ògiri àdúgbò kan ṣoṣo láàárín wákàtí kan. Ó dáa, jókòó. Àsàlámù àlékùn. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ bíríkìlà tó gbé bàbá rẹ lọ sí Ṣakí ń lọ déédéé? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà. Ti àwa níbí, ká sáà máa dúpẹ́.

Má bínú pé o kò rí mi lórí WhatsApp. Fóònù mi wà lábẹ́ ìrọ̀rí Mọ́gàjí agboolé wa, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí inú wọn yóò fi rọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ awakọ̀ Ṣakí pé kó bá mi mú lẹ́tà yìí wá fún ọ.

Ìwọ lo fa gbogbo rẹ̀. Ìwọ tó ń kọ ìtàn wa, èmi tó ń ya àwòrán rẹ̀, a ti jọ gbà pé Àrágbáyamúyamù ni ọkọ̀ òfurufú tó tóbi jù lọ láyé àti lójú sánmà. Ìgbà tí o dé Ṣakí tán lo wá rántí ìṣirò. O ní nínú àwòrán mi, ọkọ̀ bà sórí òkè Mápó, òpó gbọ̀ngàn kan ò yẹ̀, síbẹ̀ ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ló ń gbé inú rẹ̀. O ní, "Mumin, ṣé wọ́n tò wọ́n bíi sàdíìnì ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun.

Mo tẹ́ àwòrán náà sílẹ̀, èyí tí mo yà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà mẹ́ta tí mo lẹ̀ pọ̀. Ọkùnrin tí mo yà sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ kò ga ju hóró ìrẹsì kan lọ. Mo bu ìrẹsì Ìyá Àgbà, mo tò ó láti imú ọkọ̀ dé ìdí rẹ̀: igba hóró géérégé. Bí ọkùnrin yẹn bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, igba lọ́nà mẹ́fà, ẹgbẹ̀fà ẹsẹ̀ bàtà ni ọkọ̀ wa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbọ̀ngàn Mápó kò ju ilé adìẹ lọ. Ṣùgbọ́n ta ló mọ bí ẹgbẹ̀fà ṣe gùn tó? Mo fẹ́ fi ojú rí i.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí àwọn àgbà ṣe wà ní mọ́ṣáláṣí fún ìrun Àsùbáà, mo tú okùn kànga wa, mo wọ̀n ọ́n ní àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà. Mo fi imú ọkọ̀ sí etí títì tó lọ sí Oríta-mẹ́rin, mo wá ń wọ̀n ọ́n bọ̀ sí agboolé wa. Níbi tí okùn bá tán sí, màá fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri tó sún mọ́ ọn, màá kọ iye rẹ̀ sábẹ́, 50, 100, 150, kí n má baà ṣì í kà. Inú mi ń dùn. Mo ti ń rí ọkọ̀ wa tó nà gbalaja sórí páànù gbogbo àdúgbò.

Sàídì, ìwọ náà mọ ohun tí X pupa jẹ́ nílùú yìí. Èmi ni ojú mi fọ́. Kí oòrùn tó ràn, ariwo ti ta: wọ́n ti máàkì ilé wa, wọ́n fẹ́ fẹ títì, katapílà ń bọ̀. Nọ́ńbà yẹn ló tún bà á jẹ́. Wọ́n ní bí wọn ó ṣe wó ilé tẹ̀lé ara wọn nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ búra pé ẹni tó bá tún gbé ọ̀dà kọjá níbẹ̀, àwọn á fi kùn ún dé eyín. Èmi náà búra pẹ̀lú wọn, mo tiẹ̀ pariwo jù wọ́n lọ, ọ̀dà sì wà lábẹ́ èékánná mi.

X wà lára ilé tiwa náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé Ìyá Àgbà. O mọ̀ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni wọ́n sin Bàbá Àgbà sí. Ìyá Àgbà tẹ́ ẹní sórí sàréè, wọ́n jókòó, wọn ò jẹun, omi nìkan ni wọ́n ń mu. Wọ́n ní, "Kí wọ́n wó o mọ́ wa lórí, àwa méjèèjì." Odidi ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó yá, bí mo bá kí wọn, ohùn tí wọ́n fi ń dá mi lóhùn dà bíi ti ọmọ ẹyẹ. Mi ò lè sùn, mi ò lè sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹta ni Bàbá Sàláúdéènì, télọ̀ tó kọjú sí wa, gun orí òrùlé wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn tú páànù, wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kí katapílà lọ̀ ọ́ mọ́ ilẹ̀. Ojú ọ̀run ti ṣú. Àǹtí Kúbúrá ìyàwó wọn gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́wàá sáyà, ó ń wo òkè. Ìgbà tí páànù kẹta já bọ́ ni mo pariwo pé, "Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, èmi ni mo kọ ọ́."

Ta ni yóò gbà mí gbọ́? Mọ́gàjí ní, "Ṣé ìwọ kọ́ lo ní o rí erinmi ní odò Ògùnpa lọ́dún tó kọjá?" Wọ́n wo ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ọmọ yìí ń purọ́ kí ìyá rẹ̀ àgbà lè jẹun ni." Òótọ́ ni mo ń sọ o, wọ́n sì ń fọwọ́ pa mí lórí.

Ni mo bá sáré gbé àwòrán jáde. Mo to ìrẹsì sí i lójú wọn, mo ka igba, mo sọ ọ́ di ẹgbẹ̀fà. Mo ní, "Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilé ewúrẹ́ Bàbá Ọ̀jẹ̀wálé. Ẹnikẹ́ni ò tíì rí ti ibẹ̀. 850 ni ẹ máa bá." Wọ́n lọ, wọ́n bá 850. Mọ́gàjí ní X ti ilé wa ńkọ́, tí kò ní nọ́ńbà? Mo ní ìdí ọkọ̀ ló parí síbẹ̀, ọ̀dà ló tán lọ́wọ́ mi. Ni gbogbo wọn bá mí kanlẹ̀, wọ́n wá wá ẹgba.

Ẹgba tí mo jẹ, ká má kà á. Mo fi kẹrosíìnì nu gbogbo ògiri. Bàbá Sàláúdéènì kan páànù wọn padà kí òjò tó dé. Ìyá Àgbà jẹ ẹ̀kọ méjì pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, wọ́n ní kí n gbé ọkọ̀ náà wá kí àwọn wò ó. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ló ń gbá inú ilé tó tóbi tó báyìí?" Jọ̀ọ́, fi ìyẹn sínú ìtàn.

Kí Ọlọ́run má ṣe fi ohun tí a ó máa sá fún sí iwájú ilé wa. Kí ó ṣọ́ òrùlé tó wà lórí yín ní Ṣakí, kí ó ṣọ́ tiwa náà. Bá mi kí ìyá rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, tí a jọ ní ọkọ̀ Àrágbáyamúyamù,
Abdulmumin.

Àfikún: Ìwọ tó mọ ìṣirò, o ti lè rí i. Bí a bá fi àádọ́ta pín ẹgbẹ̀fà, mẹ́rìnlélógún ni, kì í ṣe márùndínlọ́gbọ̀n. Ara ògiri Bàbá Sàláúdéènì ni ìdí ọkọ̀ wa parí sí, mo sì kọ 1200 sábẹ́ rẹ̀. X tó wà lára ilé Ìyá Àgbà kì í ṣe tèmi. Ìgbà tí mo padà délé lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo bá a níbẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ti gbẹ. Kẹrosíìnì tó pa tèmi rẹ́ kò ràn án, ẹrẹ̀ ni mo fi bò ó. Rọra bi bàbá rẹ ohun tí X tí kò ní nọ́ńbà túmọ̀ sí, má sọ ilé ẹni tó jẹ́. Irọ́ sì ni ti katapílà mẹ́ta. Mi ò lé ìkankan. Wọn ò tíì dé ni.