Mo ti bá Bàbá mi sọ̀rọ̀ ní Nangbéto

Ìyá Roméo,

Mo kí ọ láti etí omi. Antoine apẹja, tí mo wọ̀ sílé rẹ̀, ló ń kọ ohun tí mo ń sọ. Ara mi le. Ikọ́ náà kò tíì lọ, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ń se àgbo fún mi, ó sì ń bu ọbẹ̀ ẹja fún mi bí ẹni ń tọ́jú àna. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Àná ni Antoine fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi dé orí abúlé wa tí omi bò nígbà tí wọ́n dí odò Mono. Àwọn àlejò ń lọ wo àwókù irin tí àwọn Jámánì fi sílẹ̀ ní Kamina. Ilé tiwa, ẹja ló ń bẹ̀ ẹ́ wò. Ìrókò ẹnu ọ̀nà wa ṣì yọrí. Mo da ọtí sọ̀dábì sí ibi tí yàrá tí a sin Bàbá mi sí wà.

Antoine ní, "Bàbá, ẹja ló máa mu ún o!"

Mo ní, "Kó bá mi kí i."

Ìgbàkígbà tí ẹ bá bi mí ibi tí ẹ máa sin mí sí, mo ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, pé àkọ́bí kì í sùn jìnnà sí baba rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó yọ̀ǹda mi kí n sùn sí ilé wa ní Datcha. Mo da obì sínú ọkọ̀. Obì yàn: méjì ṣíjú, méjì dojú dé. Bàbá mi kò lágídí tó mi.

Kí Roméo tún yàrá ẹ̀yìn ṣe ní Datcha. Kó má gbé alùpùpù wá mú mi. Kó wá ọkọ̀ tí mo lè dùbúlẹ̀ sí. Oorun lásán ló ń kùn mí.

Bá mi kí Adèle ọmọ wa àti àwọn ọmọ rẹ̀. O ṣeun tí o jẹ́ kí n wá.