Ìpè Mẹ́rin Tí Kò Dún

                                                  Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                  Òpópónà Ilé-Ìkàwé.
                                                  Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Ara tèmi le, ọkàn mi ni ò balẹ̀.

O ní kí n kọ ọ̀nà tí mo fi lé àwọn olùpolówó kúrò lórí fóònù Màámi, kí o lè ṣe é fún màmá tìrẹ. Jọ̀ọ́, kà á tán kí o tó fọwọ́ kan fóònù wọn.

Ìpè bíi mẹ́wàá ni lójúmọ́. Ẹ̀rọ á máa sọ̀rọ̀ bí èèyàn: "Ẹ ti jẹ ẹ̀bùn mọ́tò, ẹ tẹ oókan!" Mo mọ ohun tó yẹ: kí wọ́n má tẹ nǹkan kan, torí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀, kí a máa dí nọ́ńbà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ fóònù pé a ò fẹ́ ìpolówó. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pààrọ̀ nọ́ńbà bí ẹni pààrọ̀ aṣọ, ilé-iṣẹ́ fóònù sì ní ká dúró fún oṣù kan. Èmi, kí n dúró? O ṣáà mọ̀ mí. Mo yí fóònù náà sí pé nọ́ńbà tí Màámi ò bá tíì tọ́jú síbẹ̀ ò gbọdọ̀ dún rárá. Ìṣẹ́jú méjì, ó parí.

Màámi ní, "Tí ẹni tí mi ò ní nọ́ńbà ẹ̀ bá wá ń wá mi ńkọ́?"

Mo ní, "Ta nìyẹn, Màámi? Ààrẹ?" Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, àyà dédé bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹ̀gbọ́n Màámi nínú ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Káfíńtà tó kan bẹ́ẹ̀dì fún ẹ nígbà tó o ṣègbéyàwó. Wọ́n sáré gbé wọn lọ sọ́síbítù, fóònù wọn kù sórí tábìlì iṣẹ́. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ sórí, ti Màámi. Nọ́ọ̀sì fi fóònù tirẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀mẹrin. Màámi ń lọ aṣọ, fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò dún rárá. Nọ́ọ̀sì ní ohun tí bàbá ṣáà ń sọ ni pé, "Àbúrò mi á gbé e. Ẹ tún un pè." Ká tó gbọ́, bàbá ti jáde láyé.

Nítorí náà, ọ̀nà tó falẹ̀ yẹn ni kí o tọ̀. Tí o bá sì ti ṣe irú tèmi, lọ tú u báyìí.

Màámi ò bá mi wí. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí. Mo ti tú tiwọn, àwọn ẹ̀rọ ti padà dé, kò sì sí èyí tí Màámi kì í gbé níbẹ̀. Láàárọ̀ àná, wọ́n gbọ́ ọ̀kan dé òpin, wọ́n wá rọra bi í pé, "Ẹ ṣé o. Ṣé kò sí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀?"

Mi ò lè sọ pé kí wọ́n pa fóònù náà.

Bá mi kí màmá rẹ dáadáa, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi.

Tìrẹ ṣì ni mí,
Ṣeékíá.