Nítorí Ìlà Tí Wọ́n Ní Kí O Má Kọjá

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? O kò ní ṣi ẹsẹ̀ gbé o. Àwa náà wà, ọpẹ́ ni. Orúnkún bàbá rẹ ti fúyẹ́, ó ti padà sídìí iṣẹ́ káfíńtà, ewúrẹ́ wa sì bí ìbejì.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí nìyí. Télọ̀ iwájú ilé wa fi ọ́ hàn mí nínú fóònù rẹ̀, níbi tí ẹ ti ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá. Mo wò títí, n kò rí ọ nínú pápá. Ẹ̀yìn ìlà ni mo ti rí ọ, o dá dúró, o di pépà mọ́wọ́, ò ń pariwo. Ìwọ tí ò ń fò kọjá àwọ̀n ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí gbogbo ayé ń kígbe orúkọ rẹ! Télọ̀ ní kóòṣì lo jẹ́ báyìí, pé ìwọ lò ń kọ́ àwọn yòókù. Mo ní kó yé purọ́. Ta ló ní irú apá yẹn tí wọ́n á ní kó máa fẹnu ṣiṣẹ́? Ojú mi ló ṣe, àwọn ọmọ kéékèèké inú pápá yẹn tò wá bá ọ, wọ́n ń gbá ọ ní àtẹ́lẹwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, o sì ń rẹ́rìn-ín kí ojú má baà tì ọ́. Mo bẹ ọkùnrin tó ń fọn fèrè nínú fóònù yẹn títí bátìrì fi kú, kò tilẹ̀ wojú mi.

Ni mo bá kọ̀wé bẹ ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì tí o ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. N kò mọ ohun tí o ṣe, nítorí náà mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: ìkòkò ìyá àgbà tí o fọ́, ẹyin tí o jí sè, àti bí o ṣe ń tọ̀ sílé títí o fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Èèyàn rere ni. Ó fèsì pé ọ̀rọ̀ náà wọ òun lára, òun sì ti kà á sókè fún gbogbo àwọn ọmọ tí ò ń kọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ pé òun ti dárí jì ọ́.

Inú mi bàjẹ́, ọmọ mi. N kò fẹ́ kí o di ẹni àná. Bàbá rẹ ti ta àwọ̀n sáàárín ilé ìdáná àti kànga, láràárọ̀ ni mo ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, fèrèsé méjì péré ló sì fọ́. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí o fi ti bàtà kánfáàsì kún un. Dẹ́rẹ́bà ni kí o fi rán o, má fi sí báńkì, ẹni tó wà nínú ògiri wọn tó ń nawọ́ owó síni kì í dáhùn bí a bá kí i.

Olúwa á gbé ọ lékè, á pa ọ̀tá rẹ lẹ́nu mọ́, wàá pẹ́ láyé. Sátidé ni mò ń bọ̀. Bí wọn kò bá jẹ́ kí o wọ pápá, èmi á wọ pápá fún ọ. Ṣáà sọ fún wọn kí wọ́n rẹ àwọ̀n náà sílẹ̀ díẹ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ.