Bíbélì Tó Dorí Kodò

Ìkìrun, Sọ́ńdè, 1991

Àyà mi ò tíì balẹ̀. Oṣù kejì rèé tí Bàbá Fúnkẹ́ ò ríran mọ́, tí wọ́n ní ará ìjọ kankan ò gbọdọ̀ gbọ́. Mo wá ń dì wọ́n lápá mú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ni mo ń ka Sáàmù sí wọn létí, torí àwọn ló kàn láti ka Bíbélì fún ìjọ lónìí. Wọn ò ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Àmọ́ Bíbélì dorí kodò lọ́wọ́ wọn! Àwọn akọrin ń wo ara wọn. Òógùn bò mí.

A délé, mo sọ fún wọn pé Bíbélì dorí kodò. Wọ́n ní:

"Mo mọ̀. Èmi ni mo dìídì yí i. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ fẹnu ara mi sọ fún ìjọ."