Oògùn Tí Ìyá Sàníù Sè

Agbo Ilé Ìyàndá,
Erunmu,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Òkúdù, 2024.

Ọ̀gá Àgbà,
Ibùdó Ìwádìí Oògùn Oko,
Ajíbòdé, Ìbàdàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ MÁ DA OÒGÙN KÒKÒRÒ ERUNMU NÙ, KÍ Ẹ SÌ MÁ LÉ ẸNI TÓ ṢE É

1. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin alágbàdo Erunmu ló rán mi sí yín. A bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ inú wa kò dùn. A gbọ́ pé ẹ fẹ́ da oògùn kòkòrò wa nù, kí ẹ sì dá Àdúràọlá, ọmọbìnrin tó ń ṣe ìwádìí rẹ̀, dúró lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé oògùn náà kò ran àgbàdo wa.

2. Inú ilẹ̀ oko wa níbí ni Àdúràọlá ti rí bakitéríà tó fi ṣe é. Ó kọ́ wa pé bakitéríà náà ní àbùdá kan tó ń jẹ́ kó ṣe májèlé sínú ara rẹ̀. Bí kòkòrò bá jẹ ẹ́ mọ́ ewé, ikùn rẹ̀ á bàjẹ́, kò ní lè jẹun mọ́. Kì í pa adìyẹ lára, kì í sì í pa ènìyàn lára. Ó ní irú wọn pọ̀, àbùdá wọn ni kò rí bákan náà, àti pé tiwa yìí ni apá rẹ̀ ká kòkòrò àgbàdo.

3. Ẹ kọ̀wé pé àbùdá náà ti sọnù. Ẹ jọ̀ọ́, kò sọnù síbì kankan. Ìyá ọkọ mi, Ìyá Sàníù, ló se oògùn náà. Ọ̀dọ̀ wọn ni Àdúràọlá kó oògùn náà sí. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé àgbo tí a kò bá gbé kaná láràárọ̀ á kan. Nígbà tí Ìyá gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n ní oògùn kíkan kò ní dójú ti Àdúràọlá ọmọ àwọn. Ni wọ́n bá gbé e kaná, ó hó dáadáa. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n, ìfẹ́ ni. Àṣé bakitéríà kì í ṣe ewé! Iná pa á, ó sì ba májèlé inú rẹ̀ jẹ́. Òun la gbé lọ fọ́n sóko.

4. Ìkòkò Ìyá kò gba gbogbo rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kan ṣẹ́kù tí kò rí iná. Ẹ̀bá odò ni mo fọ́n ìyẹn sí, ibẹ̀ nìkan sì ni kòkòrò ti kú, tí wọ́n dúdú sára ewé. Ẹ wá fojú ara yín rí i kí òjò tó gbá wọn lọ.

5. Àdúràọlá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tirẹ̀. Ó kàn kọ̀ láti dárúkọ arúgbó fún yín ni. Ta ni kò ní fẹ́ràn irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Láti ìgbà tí Ìyá ti gbọ́ pé ọwọ́ àwọn ló fẹ́ gba ìjẹ lẹ́nu ọmọ náà, oúnjẹ kò lọ lọ́fun wọn mọ́.

6. Nítorí Ọlọ́run, ẹ fi òmíràn rán Àdúràọlá sí wa. Kí ọkàn yín lè balẹ̀, Ìyá ní kí n gbé ìkòkò náà wá pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀ títí àgbàdo yóò fi gbó.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ìrètí,
Zubaidah Ìyàndá,
Akọ̀wé, Ẹgbẹ́ Obìnrin Alágbàdo, Erunmu.