Yétúndé Kọ Fídà

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, torí náà bí a ṣe máa ń kíra wa ní Okokomaiko ni mo fi kí yín. Iwájú ilé àbúrò yín, Ìyá Àjàngbádì, ni mo jókòó sí tí mò ń kọ èyí. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni, ọmọ sì ti sùn. Mo ní ìròyìn fún yín, mo sì ní ìbéèrè kan tó ti wà lọ́kàn mi láti kékeré.

Obìnrin ni mo bí. Oyún rẹ̀ ló wà nínú mi nígbà tí ẹ lọ. Torí oyún náà ni wọn ò ṣe jẹ́ kí n rí òkú yín, wọn ò sì jẹ́ kí n dé etí sàréè. Wọ́n ní aláboyún kì í wo òkú. Inú yàrá ni mo jókòó sí tí mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń sìn yín lọ. Wọ́n ní kí n má sunkún, kí n ro ti ọmọ. Nígbà tí ọmọ wá dé, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè orúkọ. Kí ọjọ́ ìkómọ tó pé, Yétúndé ni gbogbo ilé ń pè é. Wọ́n ní kí n nu ojú mi nù, pé ẹ ti padà dé.

Mo gbà wọ́n gbọ́, ó kéré tán dé ìwọ̀n àyè kan. Ó ní ojú kan tó máa ń fi wò mí, tó jẹ́ bí ẹ ṣe máa ń wò mí gan-an tí mo bá ra tòmátò tó ti rọ̀ wálé.

Ọ̀gá mi tó ń ta fáànù ní Alábà ní sùúrù òun ti tán. Ó ní Mọ́ńdè, ìyẹn ọ̀la, ni kí n wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á gba ẹlòmíì. Kò sì fẹ́ rí ọmọ ọwọ́ níbẹ̀, torí páálí tí wọ́n tò dé òkè àjà lè wó lu ọmọ nígbàkígbà. Ìyá Àjàngbádì ní àwọn á máa tọ́jú rẹ̀ lójúmọmọ. Ohun tó kù ò ju pé kí ọmọ gbà láti mu wàrà ọmú tí mo bá fún sílẹ̀ nínú fídà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Màmá, ọmọ yìí kọ̀ jálẹ̀. Tí mo bá gbé orí fídà dé ẹnu rẹ̀, á kọ́kọ́ fi ahọ́n tọ́ ọ wò, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ta ayédèrú ọjà fún. Á wá fi ahọ́n náà tì í síta, á sì tẹjú mọ́ mi. Tí mo bá tún gbé e dé ibẹ̀, igbe ni. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe wàrà ló kọ̀, torí tí mo bá fi ṣíbí kán an sí i lẹ́nu, á lá a tán. Kí ló wá ń kọ̀? Ẹ mọ̀ mí, mi ò lè rí nǹkan kí n má wádìí rẹ̀. Mo fi orí fídà náà sẹ́nu ara mi. Ó tutù, ìtọ́wò rẹ̀ sì dà bíi ti sálúbàtà tuntun. Mo wá ń rì í sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó fún un. Ìyẹn jẹ́ kó gbà á sẹ́nu pẹ́ díẹ̀, àmọ́ kò fà á. Ọkọ mi gbé e, ó gbìyànjú títí, ọmọ ń fi imú wá mi kiri yàrá. Nọ́ọ̀sì tí mo bi léèrè ní kí n má tiẹ̀ sí nítòsí, pé ta ni yóò mu ti inú ike nígbà tó ń gbóòórùn ti ara ìyá rẹ̀? Ó ní a ò gbọdọ̀ fipá mú un, a ò sì gbọdọ̀ dúró títí ebi á fi sọ ọ́ di oníjà.

Ìyá Àjàngbádì ní ọ̀rọ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀, àwọn á rọ ọ́ ni. Wọ́n ti ń tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n ti ń ká àtẹ́lẹwọ́ tí wọ́n á fi da wàrà sí i lẹ́nu.

"Báyìí la ṣe rọ gbogbo yín. Ta ló kú nínú yín?"

Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, wọn ò ní rọ ọmọ mi, wàrà lè ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Inú bí wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ọmọ. Àfi bí wọ́n ṣe lu itan wọn lójijì.

"Àṣé! Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣe bíi tiwọn! Ìgbà wo ni ẹ̀gbọ́n mi jẹun lójú èèyàn rí?"

Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ mí lọ́kàn, torí òótọ́ ni. Mi ò rí yín kí ẹ jẹun rí, Màmá. Ẹ ó bu oúnjẹ fún gbogbo wa, ẹ ó gbé àwo tiyín wọ yàrá, ẹ ó fa kọ́tìnnì, ẹ ó sì kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Tí a bá jọ lọ sóde, ẹ ó ní kí wọ́n di tiyín sínú ọ̀rá. Tó bá di dandan kí ẹ mu omi, ẹ ó fi ìborùn bo ẹnu. Ẹ máa ń sọ pé ẹnu èèyàn kì í ṣe sinimá. Èmi ni mo máa ń yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ẹ̀yìn yín nìkan ni mo máa ń rí, àti ìgbọ̀nwọ́ yín tó ń lọ tó ń bọ̀. Mo fẹ́ mọ ìdí tí ẹ fi ń ṣe é, ẹ ò sọ fún mi. Nígbà tí wọ́n ní ẹ ti padà dé, mo tọ́jú ìbéèrè náà pamọ́. Mo ní tí ọmọ yìí bá ti lè sọ̀rọ̀, èmi àti òun nìkan á jókòó, n ó sì bi í.

Láti ọjọ́ náà ni fídà ti di ọ̀rọ̀ àgbà. Ìyá Àjàngbádì á gbé ọmọ wọ yàrá, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á fa kọ́tìnnì, wọ́n á fi ìborùn yín bo òun àti fídà. Èmi àti ọkọ mi á dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a máa gbọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó ń wò yín. Ẹ mu ún. Èmi náà ti dijú."

Ọkọ mi á di ikùn mú, ẹ̀rín á fẹ́ pa á. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ etí mi á wà lára ilẹ̀kùn. Tó bá mu ún ńkọ́? Ṣé kí n wọlé, kí n kúnlẹ̀ kí yín? Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá dúró síbẹ̀, igbe ni mo máa ń gbọ́ kẹ́yìn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ń parí lọ, mo ti ń ro bí n ó ṣe sọ fún ọ̀gá mi pé n kò ní lè wá mọ́.

Lánàá, wọ́n lé mi jáde kí òórùn mi lè kúrò nílé. Mo lọ sí Ìyànà Ìbà lọ wá orí fídà tó rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí n tó dé, iná ti lọ, yàrá sì ti gbóná kọjá àfaradà. Ìyá Àjàngbádì ti gbé ọmọ jáde síwájú ilé, wọ́n gbé e jókòó sórí itan, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí títì. Ọkùnrin kan ra àgbò ní Alábà Rago, ó ń fà á lọ, àgbò wá dùbúlẹ̀ sáàárín títì, ó ní òun ò lọ mọ́. Ọlọ́kadà sọ̀ kalẹ̀, ó ń ti ìdí àgbò. Àwọn ọmọdé ń pariwo. Ìyá Àjàngbádì náà tẹ́nu sí i:

"Ẹ mú un níwo! Níwo ni mo ní, kì í ṣe ní ìrù!"

Wọ́n ti gbàgbé fídà tó wà lọ́wọ́ wọn. Ó kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Mo dúró sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ní òdìkejì gọ́tà kó má bàa rí mi. Mo rí i tí Yétúndé yí ẹnu díẹ̀, tó gbá orí fídà mú, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Kò mójú kúrò lára àgbò. Wàrà ń ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo àdúgbò ń wò ó.

"Màmá, ẹ wolẹ̀! Ó ń mu ún o!" Aládùúgbò kan ló kígbe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àjàngbádì wolẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n fa etí ìborùn yín, wọ́n rọra fi bo ẹnu ọmọ. Yétúndé fi ọwọ́ gbá a kúrò, ó sì ń mu wàrà rẹ̀ lọ. Ojú wọn kún fún omi.

"Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi," ni wọ́n wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ò lè ṣe báyìí láéláé."

Ó yẹ kí n jó, Màmá. Iṣẹ́ mi ò bọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò fo gọ́tà. Ẹkún tí wọn ò jẹ́ kí n sun nínú yàrá lọ́jọ́ tí wọ́n sin yín ló dé, mo sì fara ti kẹ̀kẹ́ ẹni ẹlẹ́ni, mo sun ún. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ bá mi níbẹ̀, ó bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní màmá mi ló kú. Ó ní ìgbà wo? Mo ní ìsinsìnyí ni mo gbọ́. Ó ní ẹ pẹ̀lẹ́, mà, ó sì dúró tì mí títí mo fi nu ojú.

A ò ní pa orúkọ ọmọ dà, ó wù mí bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ yìí ó tún mu fídà níwájú ilé, àwọn adìyẹ ló ń wò lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ tó fẹ́ràn ìran ni. Tó bá dàgbà, ọ̀pọ̀ nǹkan ni n ó bi í, àmọ́ kò lè mọ èyí tí mo tọ́jú. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n.

Lọ́sàn-án yìí mo bu oúnjẹ fún ọkọ mi, mo bu fún Ìyá Àjàngbádì, mo fi ṣíbí họ ìdí ìkòkò sínú àwo tèmi. Nígbà tí mo fi mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti kọ ẹ̀yìn sí wọn, kí wọ́n má bàa rí i kí wọ́n ní àwọn á bù kún un látinú tiwọn. Ọwọ́ mi dúró lórí àwo.

Màmá, kí ló máa ń wà nínú àwo yín?

Èmi ni,
ọmọ yín tó ṣì ń yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, tó sì fẹ́ràn yín gan-an.