Ìkéde Tí Màmá Kò Gbọdọ̀ Gbọ́

Ọjọ́bọ̀, 1 Máàṣì 2007

Sèlíátù, Ẹlẹ́ja mi, bí mo ti máa ń fi ẹja Ẹ̀pẹ́ yín ṣe ọ́ ní yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ kẹrìnlélógún nìyí tí a ti sin ọ́ ní Ìkòròdú.

Èmi ni mo lọ gbé Màmá rẹ ní Ẹ̀pẹ́ lónìí, bí o ti máa ń ṣe ní Ọjọ́bọ̀ gbogbo, kí dókítà tó wà ní Itamaga lè wo ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Màmá kò tíì mọ̀. Bọ̀dá Bísíríyù, ẹ̀gbọ́n rẹ, ti pàṣẹ: a kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá tó ti darúgbó. Gbogbo agbo ilé di ẹnu. Wọ́n ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tíṣà ló gbé ọ lọ sí Kàdúná.

Mo tan rédíò nítorí n kò mọ ohun tí mo lè bá a sọ. Atọ́kùn ń rẹ́rìn-ín. Ìpolówó àgbo jẹ̀dí. Ìpolówó ọṣẹ. Lẹ́yìn náà, láìsọtẹ́lẹ̀, ìkéde òkú. Mo yára pa á. Kì í ṣe tìrẹ. Síbẹ̀ n kò tún un tàn títí a fi kọjá Ìmọ́ta.

Àbámẹ́ta, 3 Máàṣì

Mo dá wakọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Láti Ìtóìkín lọ, rédíò kàn ń dún ṣàà bí ẹja nínú epo gbígbóná. Ìwọ a máa lù ú lórí, á sì gbọ́ràn. Mo lù ú. Kò dá mi lóhùn.

Ọjọ́bọ̀, 8 Máàṣì

Mo purọ́ fún Màmá pé rédíò ti bàjẹ́. O mọ̀ pé látìgbà tí ojú ti ń ṣe bàìbàì, etí ló fi ń rí ayé. Ó ní, "Bàbá Rodiat, ọkọ̀ rẹ ń rìn, kò lè sọ̀rọ̀. Èmi ń sọ̀rọ̀, n ò lè rìn. Kí wọ́n kúkú so wá pọ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ó wá béèrè bóyá òtútù ń mú ọ ní Kàdúná, pé súwẹ́tà rẹ wà nínú àpótí òun. Mo ní ooru ló ń mú níbẹ̀, Màmá.

Ajé, 12 Máàṣì

Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ ń fi ìkéde àdúà ogójì ọjọ́ rẹ sórí rédíò. Bọ̀dá Bísíríyù ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó yọ orúkọ Màmá kúrò — bí àwọn aládùúgbò bá gbọ́ orúkọ ìyá arúgbó náà, wọn ò ní lè pa á mọ́ra mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n má kéde rárá. Ó ní, "Àna wa, ṣé bí ẹni tí kò lẹ́nìkan la fẹ́ ṣe é ni?"

Ìṣẹ́gun, 13 Máàṣì

Mo gbọ́ ìkéde rẹ ní Ìgbògbò. Ìpolówó búrẹ́dì ṣíwájú rẹ, ti fóòmù tẹ̀lé ọ. Ohùn kan náà ni atọ́kùn fi ka gbogbo rẹ̀. Mo dúró sójú ọ̀nà. Àwọn ọlọ́kadà ń bú mi.

Ọjọ́bọ̀, 15 Máàṣì

Ní Ìmọ́ta ni.

Táyà kan ti rọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n bá mi fẹ́ ẹ, mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lára ọkọ̀ kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí Màmá. Ó fọwọ́ wá rédíò kàn — ìwọ lo kọ́ ọ ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Bí mo ti ṣí ilẹ̀kùn ni mo gbọ́ orúkọ rẹ. Mo nawọ́ kí n pa á. Màmá di ọrùn ọwọ́ mi mú. N kò lè já a.

A gbọ́ ọ dé òpin. Ọkọ. Ọmọ méjì. Àwọn ẹ̀gbọ́n. Àwọn tíṣà. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ.

Màmá ní, "Wọn ò pè mí."

Ó jọ̀wọ́ ọrùn ọwọ́ mi.

"Wọ́n pe ọkọ, wọ́n pe ọmọ. Ṣé inú igbó la ti he Sèlí ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú erùpẹ̀ níbẹ̀. Mo ní wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ ni. Ó ní kí n dìde. Ó ní o kì í rìnrìn àjò láìwá gba àdúà lẹ́nu òun, pé ọkàn òun ti ń sọ nǹkan kan. Ó béèrè ibi tí a sin ọ́ sí. Ó béèrè bóyá ó dùn ọ́. Mo sọ nípa ibà tó ṣe ọ́, bí a ṣe rò pé kékeré ni. Ó sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ojú kan ló ń fi ìborùn nù. Kò fọwọ́ kan èyí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, bí dókítà ti wí.

Mo ní ká padà sílé. Ó ní rárá, dókítà ń dúró.

Jímọ̀, 16 Máàṣì

Bọ̀dá Bísíríyù bú mi lórí fóònù. Mo jẹ́ kó bú mi tẹ́rùn. Mo wá lọ sí iléeṣẹ́ rédíò pé kí wọ́n fi orúkọ Màmá kún un. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní ó ti bọ́, ìkéde ọ̀la ti wà nílẹ̀. Mo jókòó síwájú rẹ̀ títí ó fi mú bírò.

Àbámẹ́ta, 17 Máàṣì

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́ rẹ nílé Màmá, ó ní kí n gbé ọkọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, kí n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀, kí n tan rédíò. O mọ rédíò wa ní Ẹ̀pẹ́. Ariwo gbé ọ̀rọ̀ mì, ó tún pọ̀ ọ́. A gbọ́ "ìyá rẹ̀, Àlájà Baseerah", ìyókù sì lọ.

Màmá ní, "Èmi nìyẹn," bí ọmọ tí tíṣà pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì. Bọ̀dá Bísíríyù fọwọ́ bojú.

Ẹlẹ́ja mi, dókítà ní ìtọ́jú náà kò ní pẹ́ parí. Èmi ni n ó máa gbé Màmá lọ ní Ọjọ́bọ̀. Bí ojú rẹ̀ bá sì jinná tán, n ó ṣì máa wá.